Má Ṣe Rán Mi sí Tìámíyù

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Fọlákẹ́, ọmọ mi,

Ara mi le. Orúnkún ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Jẹ́ kí ìkíni mọ níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ gùn, èmi kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbọ́ ọ tán, mo tún un gbọ́, kí ó lè dá mi lójú pé èmi ni o ń bá sọ̀rọ̀. O ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Tìámíyù. Kò gbé ìpè mi. Ẹ̀yin lẹ mú un wá síṣẹ́, á gbọ́ tiyín. Mọ́mì ti bá àwọn òbí ẹ̀ parí ẹ̀, òun nìkan ló kù."

Èmi ni Màmá. Mọ́mì ni obìnrin Jẹ́ríkò, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi owó sínú iṣẹ́ ata rẹ. Mo ṣe àlàyé yìí fún ara mi, kí n má baà ṣì í gbọ́.

Ìdáhùn mi ni pé n kò ní lọ. N kò fi ohùn dá ọ lóhùn nítorí pé ohùn a máa gbọ̀n. Ìwé kì í gbọ̀n. Kà á dé ìparí kí o tó pè mí. Má ṣe kà á nínú mọ́tò.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe gbọ́ nípa ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lọ bẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé Ìyá Tìámíyù ni ó ń rán aṣọ mi láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agbówó ni mo ti rí ọmọ rẹ̀, tí mo sì sọ fún ọ pé ọwọ́ ọmọ yìí balẹ̀, gbà á síṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé aṣọ lọ kí ó wọ̀n mí. Kò tíì wọ̀n mí dé èjìká tí ó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá Fọlákẹ́, ẹ kú ọmọ o. A rí ìyá wa lánàá. Wọ́n ṣe dáadáa."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá Fọlákẹ́ kẹ̀! Wọ́n kúnlẹ̀ síbí yìí, lórí ẹní yìí, àgbàlagbà bí tiwọn! Ojú ti Bàbá Tìámíyù, wọ́n ń pariwo pé ẹ dìde, àlùwàlá mi á bàjẹ́ o, ẹ dìde. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi tá a bá forí ji ọmọ àwọn."

"Ọmọ àwọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Èmi wá ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ìyá ni. Ṣé ìyá pọ̀ jù ni? Ẹ mí síta, Màmá. Bẹ́ ẹ bá gbé àyà sókè báyìí, bùbá yìí á fẹ̀ jù."

"Mo ti mí síta."

"Ẹ ò tíì mí. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, àmọ́ tiyín yìí fẹ́ tán téèpù mi."

"Èmi kò jowú."

"Ẹ má jowú, ẹ ṣáà mí."

Mo mí. Ó wọ̀n mí. Mo bi í irú aṣọ tí obìnrin náà wọ̀ wá. Ó ní léèsì aláwọ̀ eérú ni, pé rírán rẹ̀ mọ́, pé ó bá wọn lára mu. N kò béèrè nípa aṣọ mọ́.

Mo ní, "Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ó sọ?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n dúró ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń wolẹ̀. Ìyá wọn bá wọn sọ gbogbo ẹ̀."

"Tìámíyù ńkọ́?"

"Ó wà ní yàrá. Kò jáde." Ó ká téèpù náà mọ́ ìka rẹ̀. "A ti gbà, Màmá. Ta ló máa rí àgbàlagbà lórí ìkúnlẹ̀ tí ò ní gbà? Àmọ́ orúkọ ọmọ mi ṣì wà lórí fóònù àwọn oníbàárà yín pé òun ló ba ata àwọn ènìyàn jẹ́. Ọkùnrin kan tó ní ilé fírísà ẹja ní Challenge ti gbà á síṣẹ́ tán. Ìyàwó ọkùnrin yẹn ń ra ata yín. Wọ́n ti ní kó má wá mọ́."

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo kí i, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Nísinsìnyí, kí á sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti rí. Ẹ̀bẹ̀ tí a kò bá dárúkọ ohun tí a ń torí rẹ̀ bẹ̀, ariwo lásán ni.

Ẹ ń lọ ata, ẹ ń sè é, ẹ ń gbé e sínú fírísà, ẹ sì ń gbé e lọ sílé àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ráyè dé ọjà. Iṣẹ́ rere ni, orí rẹ ni ó sì ti jáde. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o pàṣẹ. Mo jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà ńlá, mò ń dúró kí o wá ẹni tí yóò gbé mi dé Dùgbẹ̀. O pe gbogbo àwọn tí ó ń bá ọ ṣiṣẹ́ jọ. O ní dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ti gbówó lórí. Bí iná bá ti wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀. O ní, "Ẹni tó bá tàn án nígbà tí iná wà, òun lá máa fẹnu fẹ́ ata wa títí á fi tutù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tìámíyù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ọmọ mi ń pàṣẹ, wọ́n sì ń gbọ́. Èmi kò rí irú ipò bẹ́ẹ̀ dì mú pẹ́ láyé mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, iná wà ṣùgbọ́n kò lágbára. Gbogbo Bódìjà mọ̀. Fáànù mi ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Fírísà kò lè fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Tìámíyù pa àṣẹ rẹ mọ́, kò tan jẹnẹrétọ̀. Ata náà kan. Ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ring Road jẹ nínú rẹ̀, inú wọn sì dàrú. A dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni o kọ ọ́ sí gúrúùpù àwọn oníbàárà lórí fóònù pé Tìámíyù tí ó ń mójú tó fírísà ni kò bìkítà, pé o ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, pé kí àwọn ènìyàn fọkàn balẹ̀. Èmi náà ń ra ata rẹ. Mo wà nínú gúrúùpù náà. Mo kà á. Mo rò pé ìbẹ̀rù ni ó kọ ọ́, pé ọkàn rẹ yóò balẹ̀, ìwọ yóò sì tún un kọ. Mo ń dúró.

Ohun tí o kọ kì í ṣe òótọ́, ìwọ náà sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi kì í gbé àgbà dání lọ sí Agbówó.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi.

Èkíní. Àṣẹ ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ọwọ́ tí ó pa á mọ́. Nígbà tí ata dùn, tí wọ́n ń yìn ọ́, n kò gbọ́ kí o sọ pé Tìámíyù ni. O gba ìyìn náà, ó sì tọ́ sí ọ, nítorí ìwọ ni olórí. Èyí tí ó kan pẹ̀lú, tìrẹ ni. A kì í jẹ olórí lọ́jọ́ tí ó dùn nìkan.

Èkejì ni ó mú mi kọ̀wé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a tọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni mo sì tọ́ ọ: ẹni tí ó bá ṣẹ̀, kí ó mú àgbà dání lọ bẹ̀bẹ̀. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni òwe náà wí. Ìwọ ti di ẹni tí ó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n. Àgbà lè là ọ́ lọ́nà. Ó lè bá ọ kan ilẹ̀kùn. Kò lè bá ọ sọ pé "èmi ni". Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí wọ́n ti rán àgbà bẹ̀ mí rí.

O kò tíì máa rìn nígbà náà. Bàbá yín ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Òkè Àdó. Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ń wá ẹni tí yóò tẹ ìwé ìdánwò ìparí ọdún; mo bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún un. Lọ́jọ́ ìdánwò, ojú ìwé kan kò sí nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe bàbá yín. Ó dé, ó dúró níwájú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ní, "Bí ìyàwó mi ṣe gbé e wá ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

Pípé ni mo gbé e fún un. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tọ́ mi láti bá ọkọ mi jiyàn lójú ènìyàn, mo sì dákẹ́. Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹ̀ka ìdánwò ni. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi fún ẹlòmíràn.

Ó rán àgbà sí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ìyá rẹ̀ wá, pásítọ̀ wá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n sọ̀rọ̀ tí ó dára, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ kúnlẹ̀ kí n tó sáré dì í mú. Mo ní mo ti gbọ́, ó ti tán. Bàbá yín wà nínú yàrá ní gbogbo àkókò náà, ó ń gbọ́ rédíò. Nígbà tí wọ́n lọ, ó jáde, ó ní, "Ṣé oúnjẹ ti délẹ̀?" Oúnjẹ ti délẹ̀. A jẹun. A gbé pọ̀ ní àlàáfíà títí ó fi kú. Ènìyàn rere ni. Ìwọ náà jẹ́rìí. Kò sọ ọ́ fún mi rí.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tù mí nínú. "Ìyàwó wa," ó ní, "ó sunkún lọ́dọ̀ mi nígbà ọ̀rọ̀ ìwé ìdánwò yẹn. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo gbàgbé ojú ìwé kan, kì í ṣe ìyàwó mi.'" Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá." Ó rò pé ẹ̀bùn ni òun fún mi. Fọlákẹ́, mo wo etí ọkùnrin náà, mo sì jowú rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tèmi ni wọ́n kó sí i, ó sì ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà. Títí di òní, bí mo bá rí i ní ilé ìjọsìn, etí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Tìámíyù wà nínú yàrá nígbà tí obìnrin Jẹ́ríkò ń kó ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ sétí àwọn òbí rẹ̀. Kí ó má ṣe yà ọ́ lẹ́nu pé kò gbé ìpè rẹ.

Bí ìwọ yóò ṣe ṣe é nìyí.

Kí o tó lọ, tún un kọ sí gúrúùpù náà. Ibi tí a ti wọ́ orúkọ ènìyàn nílẹ̀, ibẹ̀ ni a ti ń gbé e dìde. Má ṣe kọ ọ́ pé "àṣìṣe kan wáyé". Àṣìṣe kì í wáyé fúnra rẹ̀ bí òjò. Kọ ọ́ pé ìwọ ni o pàṣẹ, pé Tìámíyù pa á mọ́, pé irọ́ ni o kọ tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí ó kúrú. Àwọn kan yóò kúrò lára oníbàárà rẹ. Àwọn kan yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Lọ bá ẹni tí ó ni ilé-ìwé ní Ring Road, kí o sọ ọ́ fún un lójúkojú. Lọ bá ọkùnrin ẹlẹ́ja ní Challenge pẹ̀lú, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí o bá dé Agbówó, kí àwọn òbí rẹ̀ bí ó ti yẹ kí o kí wọn. Kúnlẹ̀, orúnkún tìrẹ kò tíì máa dùn ọ́. Sọ pé Tìámíyù ni o wá rí. Bí kò bá jáde, jókòó. Bí wọ́n bá ní kí o padà wá lọ́la, padà lọ lọ́la. Má ṣe gbé ọkọ̀ tí a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ sí lára lọ, kí àdúgbò má baà rò pé o tún wá fi ọmọ wọn polówó.

Nígbà tí o bá rí i, sọ ohun tí o ṣe, kí o sì dákẹ́. Kò gbọdọ̀ sí "ṣùgbọ́n" níbẹ̀. Má ṣe dárúkọ dísù. Má ṣe dárúkọ iná. Gbogbo àdúgbò ni iná kò lágbára fún. Ìwọ nìkan ni o pàṣẹ. Bí ẹkún bá dé, gbé e mì. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò yẹ kí ó tún máa wá aṣọ ìnujú fún ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́.

Má ṣe fi iṣẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí o bá kọ́kọ́ ní "padà wá, n ó fi kún owó oṣù rẹ", o ti ra ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Sọ tẹnu rẹ tán ná. Ó lè má padà. Ó lè sọ ohun tí kò dùn mọ́ ọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìwọ kò lọ síbẹ̀ kí ó lè dára fún ọ. O lọ kí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ lè dé ọwọ́ rẹ̀.

Má sì gbàgbé àwọn tí ó kù lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń wò ọ́. Láti ọjọ́ tí o ti kọ orúkọ ẹnìkan nínú wọn síta, kò sí ẹni tí yóò tètè sọ òótọ́ fún ọ mọ́. Bí nǹkan bá tún bàjẹ́, wọn yóò kọ́kọ́ wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi lé lórí, kí wọ́n tó wá bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Ìwọ ni o kọ́ wọn. Ìwọ ni yóò tún wọn kọ́. Dúró níwájú wọn, kí o sọ ọ́ fún àwọn náà.

Ó ku ohun kan. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè máa ní kí o sọ tìrẹ kí èmi máa pa tèmi mọ́.

Irọ́ ni mo pa fún Ìyá Tìámíyù. Mo jowú. Mo jowú obìnrin Jẹ́ríkò. Kì í ṣe owó rẹ̀, kì í sì ṣe léèsì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ìdí tí ènìyàn fi ń wọ léèsì lọ bẹ̀bẹ̀. Mo jowú nítorí pé o ti sọ ọ́ fún un. Ó ní láti jẹ́ pé o jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀, o sì ní, "Mọ́mì, èmi ni mo pàṣẹ." Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ rí, Fọlákẹ́. Etí ẹlòmíràn ni ó tún kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní tèmi, iṣẹ́ ni o rán mi.

Mo ti bi ara mi pé kí ló dé tí o kò fi sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ilé wa kì í ṣe ilé tí a ti ń sọ "èmi ni". Bàbá yín kò sọ ọ́, èmi kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni. Ọmọ kì í kọ́ èdè tí wọn kò sọ nílé rẹ̀. Ìta ni ó ti ń kọ́ ọ. Ó jọ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní Jẹ́ríkò. Èyí náà ni mò ń jowú.

Àṣàbí mi, mo fẹ́ lọ sí Agbówó. Kí o mọ̀. Mo ti yọ aṣọ tí n ó wọ̀ sórí ibùsùn kí n tó jókòó kọ ìwé yìí. Mo fẹ́ kí Ìyá Tìámíyù rí ìyá rẹ gan-an lórí ẹní rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ ju obìnrin yẹn lọ, orúnkún yìí ì báà fọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní lọ. Owú ni yóò gbé mi dé ibẹ̀. Tìámíyù yóò sì tún wà nínú yàrá, yóò máa gbọ́ bí ìyá méjì ṣe ń du ọmọ kan lé òun lórí.

Lọ. Lọ fúnra rẹ, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí ó bá bi ọ́ pé ta ni ó rán ọ, má ṣe dárúkọ mi. Má ṣe dárúkọ ti Jẹ́ríkò náà. Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò rán ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
ti Bódìjà.